Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olódo

Ẹ̀yin olùkọ́ tó jẹ́ pé ìwé àwọn ọmọ lẹ ṣì ń máàkì lọ́wọ́ báyìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lálẹ́ òní. Ẹ gbé bíírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ kan ní olódo rí? Kò sí. Bóyá àwa gan-an la tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wà ní píráímárì kẹta. Òun ló ń gbẹ́yìn nínú gbogbo ìdánwò. Bí tíṣà bá kọ nǹkan sójú pátákó, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló máa ń yọjú wò, tíṣà á ní ó ń jí iṣẹ́ wò. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn, wọ́n á ní olóríkunkun ni. Ẹgba láàárọ̀, ẹgba lọ́sàn-án. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun ní gbogbo àárọ̀ tí ilé-ìwé bá wà. Bàbá rẹ̀ á ní, "Ṣé ìwé nìkan ni wọ́n ń kà là láyé ni? Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́." Bí ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ náà ṣe parí nìyẹn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ló wo ojú ọmọ yìí kó tó sọ ọ́ ní olódo? Ta ló wo etí rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé kò rí ojú pátákó ni. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tí tíṣà sọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ́kàn lálẹ́ òní nìyí, màá sì máa tún un sọ: kí a tó máa wá owó kiri, kí a tó máa ké sí ìjọba, kí a kọ́kọ́ wo ọmọ náà dáadáa. Ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ tó ní ìpèníjà ara ń fẹ́ nílé-ìwé, wíwò ni. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú.

Ọmọ tí kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa kì í wá bá yín pé òun kò ríran. Kí ló dé? Torí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ni. Bí ayé ṣe rí lójú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ó rò pé bí òun ṣe ń rí i bàìbàì yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ òun ń rí i. Àwa àgbà ló yẹ ká ṣàkíyèsí. Ṣé ó máa ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán? Ṣé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kan imú rẹ̀ tó bá ń kàwé? Ṣé orí máa ń fọ́ ọ tó bá ti ilé-ìwé dé? Ṣé iwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an ló máa ń lọ dúró sí? Bí ẹ bá rí èyí, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé awò ojú lásán ni gbogbo oògùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe awò tí wọ́n ń tà lórí ọmọlanke o. Èyí tí wọ́n yẹ ojú ọmọ náà wò kí wọ́n tó fún un ni mò ń sọ.

Nígbà tí a sì ti wà lórí ọ̀rọ̀ ojú, mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àwọn ọmọ tó jẹ́ àfín. Awọ ara wọn ni gbogbo wa ń rí, a ó sì máa ránnu mọ́ iyọ̀, pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀. Ojú wọn ni ká béèrè. Ohun tó ń fún awọ àti irun ní àwọ̀ dúdú, tí kò tó lára wọn, ojú náà nílò rẹ̀ kó tó lè ríran dáadáa. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi í rí ọ̀ọ́kán, tí ẹyinjú wọn máa ń gbọ̀n, tí oòrùn sì máa ń ta wọ́n lójú. Awò ojú lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè má ṣe é tán.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ fi ọmọ náà jókòó níwájú, kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má dojú kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó dìde lọ síbi pátákó nígbà tó bá fẹ́, kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó padà wá jókòó. Ẹ jẹ́ kó dé fìlà bí wọ́n bá tò sínú oòrùn láàárọ̀. Èló lẹ ná síbẹ̀? Kọ́bọ̀ kan kò kúrò lápò yín. Síbẹ̀, ilé-ìwé wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá dìde lọ sí pátákó láìgba àyè, ẹ̀sùn ni. Bí fìlà kò bá sí nínú yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á bọ́ ọ lórí rẹ̀. Òfin tí kì í jẹ́ kí ọmọ rí ìwé kà, kí la fẹ́ fi í ṣe nílé-ìwé?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí etí.

Ti etí tún le ju ti ojú lọ, torí pé kì í hàn síta. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni etí wọn ń ṣọyún nínú ilé wa, tí a ó máa sọ pé á lọ fúnra rẹ̀. A ó ro òróró sí i, a ó ro omi ewé sí i. Etí tó bá ń ṣọyún lemọ́lemọ́ lè lu, kí ọmọ má gbọ́ràn dáadáa mọ́. Èèyí ń ṣe é. Yírùnyírùn ń ṣe é. Ibà apọ́njú tó ń mú ọmọ tuntun náà ń ṣe é, bí wọn kò bá tètè gbé e dé ilé-ìwòsàn. Kí n sì tó kúrò níbẹ̀: kánfọ̀ tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó o dànù. Àwọn ọmọ wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Ẹ̀jẹ̀ wọn á máa bàjẹ́ nínú ara, ibà apọ́njú á mú wọn, ó sì lè wọ ọpọlọ. Ọmọ tó yẹ kó gbọ́ràn á di adití. Ti òmíràn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Báwo ni olùkọ́ ṣe lè fura sí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa? Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, kí ẹ ní kó wí i tẹ̀lé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn pẹ̀lú ohùn kan náà. Bó bá gba ti àkọ́kọ́, tí kò gba ti ẹ̀ẹ̀kejì, a jẹ́ pé ẹnu yín ló ń wò. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà o, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a fi ń ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ, ká ní, "Mọ́mì, ẹ gbé ọmọ yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí."

Ẹ wá gbọ́ ohun kan tí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn. Ọmọ tó ń wo ẹnu láti fi gbọ́ Yorùbá, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ẹ lọ síwájú dígí. Ẹ pe ọkọ́ tí à ń fi roko. Ẹ pe ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ pe ọkọ ìyàwó. Ǹjẹ́ ètè yín ṣe ohun tó yàtọ̀? Kò ṣe é. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í hàn lójú ètè, bẹ́ẹ̀ ohùn yìí la fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ náà á wá máa wá ìtumọ̀ látinú ìyókù ọ̀rọ̀, látinú ojú wa, látinú ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe. Níbi tó ti ń wá a lọ́wọ́, tíṣà kọjú sí pátákó, ó ń kọ̀wé, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Kí ló kù tí ọmọ yẹn máa wò? Ìpàkọ́ tíṣà.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọjú sí àwọn ọmọ. Ẹ má fi ìwé bo ẹnu. Bí ẹnì kan bá dáhùn ìbéèrè láti ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ tún ìdáhùn náà sọ, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ lè bá a lẹ́nu yín.

Àwọn mìíràn wà tí kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ti àwọn yẹn, èdè ọwọ́ ni. Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Ìbàdàn máa rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí, Andrew Foster ni. Adúláwọ̀ ni, ará Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní Alabama ní 1925, yírùnyírùn sì dí i létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Wọ́n kà á sí adúláwọ̀ adití àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tó wà ní Washington, ní 1954. Ó lọ sí Ghana ní 1957, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1960, ó bọ́ sí Nàìjíríà, Ìbàdàn sì wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ dá ilé-ìwé àwọn adití sí. Kí ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú tó gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Rwanda ní 1987, ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà ti lé ní 30. Èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà tó mú wá ni gbòǹgbò èyí tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ ní Nàìjíríà títí dòní.

Yorùbá ní ìyá odi ló mọ èdè odi. Ó dùn mí láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á wà ní ilé-ìwé àwọn adití, á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á jà, á ṣòfófó, bí ọmọ gbogbo ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, á dé ilé, kò ní rí ẹni tó lè bá a sọ ju "wá jẹun" àti "lọ sùn" lọ. Wọ́n ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yòókù, òun jókòó, ó ń wò wọ́n lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń rín. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Kò dára. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí ọmọ yín kọ́ yín. Àmì kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ náà kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àwọn adití, ẹ yọ àkókò díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí ẹ fi kọ́ àwọn òbí. Ìjà owó lẹ́fì lè dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara nílé-ìwé là ń sọ. A ní kí a kọ́kọ́ wo ọmọ dáadáa kí a tó pè é ní olódo.

Ọmọ tí kò ríran rárá ńkọ́? Àwọn kan rò pé ìwé ti tán fún un nìyẹn. Kò tán. Louis Braille, ará Faransé, ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí irin ṣóńṣó tí bàbá rẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú, tí ojú kejì náà sì fọ́ tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 15 ni, ní 1824, nígbà tó to àmì tóótòòtó mẹ́fà pọ̀, tó sì rí i pé òun lè fi kọ gbogbo lẹ́tà. Àmì yẹn náà ni wọ́n ń fi ìka kà títí dòní, wọ́n sì ń fi kọ Yorùbá.

Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń kọ ọ́, ẹ dúró wò ó. Á ki ìwé tó nípọn bọ àárín irin pẹlẹbẹ méjì. Irin tó wà lókè ní ojú wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn. Á mú irin ṣóńṣó kan tó ní igi lórí, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kọ́-kọ́-kọ́, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Kí ló dé tó fi jẹ́ láti ọ̀tún? Torí pé ẹ̀yìn ìwé ni ibi tó ń tẹ̀ ti máa yọ síta. Bó bá yí ìwé náà padà, á wá fi ìka kà á láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìyẹn ni pé ó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní òdìkejì bó ṣe máa kà á. Ẹ̀yin tí ẹ lójú méjèèjì, ẹ gbìyànjú kí ẹ kọ orúkọ yín bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ta ni olódo.

Ní Èkó, ilé-ìwé Pacelli tó wà ní Sùúrùlérè ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti 1962. Ibẹ̀ ni olórin nì, Cobhams Asuquo, ti kàwé. Àwọn tó bá jáde níbẹ̀ a sì máa lọ sí ilé-ìwé girama pẹ̀lú àwọn tó ríran. Ní ìlú Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ yìí gan-an. Tíṣà tí ọmọ tí kò ríran bá déédéé bọ́ sí kíláàsì rẹ̀ lè wá wọn lọ. Kó tó lọ, ohun kan wà tó lè ṣe lọ́jọ́ kejì: kó máa dárúkọ nǹkan. "Ẹ mú èyí, ẹ fi kún ìyẹn, ẹ gbé e wá síbí." Kí ni ọmọ tí kò ríran gbọ́ níbẹ̀? Kò gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ mú márùn-ún, ẹ fi kún méje." Ó ti gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ mìíràn tún wà tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀, síbẹ̀ tí lẹ́tà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó lè pa àlọ́ kí ẹ má fẹ́ kó dákẹ́. Ó lè ṣírò ṣéńjì lọ́jà kí ìyá rẹ̀ tó ṣí ẹnu. Ẹ wá gbé ìwé lé e lọ́wọ́, á máa pe b ní d, á máa fo ọ̀rọ̀, òógùn á bò ó. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọ̀lẹ kọ́, àwọn ayé kọ́. Ẹ kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ẹ fi àkókò kún àkókò rẹ̀. Ẹ máa bi í ní ìbéèrè lẹ́nu nígbà mìíràn dípò kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì ní kó dìde ka ìwé sókè lójú gbogbo kíláàsì láìjẹ́ pé ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wárápá ńkọ́? Bí ó bá gbé ọmọ ṣubú nílé-ìwé, gbogbo ènìyàn a máa sá, wọ́n ní bí ìfófòó ẹnu rẹ̀ bá kan àwọn, yóò ran àwọn. Irọ́ gbáà ni. Wárápá kì í ràn. Ẹ kó bẹ́ńṣì àti ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tàbí báàgì rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má bu nǹkan kan fún un mu. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò tíì dáwọ́ dúró, ilé-ìwòsàn ló kàn. Bó bá jí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kejì, kó padà wá sí kíláàsì. Oògùn wà tó ń ká wárápá lọ́wọ́ kò bí ẹni tó ń lò ó kò bá fi ọjọ́ kan fò ó, kò sì sí ìdí tí ilé-ìwé fi gbọ́dọ̀ lé ọmọ sílé nítorí rẹ̀.

Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá náà wà ńbẹ̀. Wọ́n á ní kíláàsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin á máa gbé e gòkè lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, kí ló dé tí a kò gbé kíláàsì náà wá sísàlẹ̀? Yàrá kan náà ni. Ẹ sì lọ wo ilé ìgbẹ́ yín. Ṣé ọmọ tó ń lo ọ̀pá lè wọ ibẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó rí nǹkan dì mú? Àwọn ọmọ wà tí kì í mu omi láti àárọ̀ títí ilé-ìwé yóò fi jáde, kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n wọ́n. A ó sì máa sọ pé wọn kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án.

Ṣé òfin tiẹ̀ wà lórí gbogbo èyí? Ó wà. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà ara. Òfin náà ní ọmọ tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama, ó sì ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé-ìwé tí wọ́n ní àwọn kò gba irú ọmọ yín, ẹ fi sùúrù béèrè òfin yìí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdánwò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí. Àjọ WAEC máa ń tẹ ìbéèrè ní Braille fún àwọn tí kò ríran, wọ́n sì máa ń fún wọn ní àkókò kún àkókò. Àjọ JAMB náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, láti máa bójú tó ìdánwò àwọn tí kò ríran. Àwọn kan á ní, "Èyí kì í ṣe ojúsàájú bí?" Kì í ṣe ojúsàájú. Ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ìka sì ni ẹnì kan fi ń wá ọ̀rọ̀ lórí ìwé nígbà tí ẹnì kejì fi ojú gbá a mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ń dun ni ni pé ọ̀pọ̀ òbí kì í sọ ọ́ títí di àárọ̀ ìdánwò. Bí ẹ bá ń fi orúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ó wà lójú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má dúró de òbí. Ẹ̀yin náà, ẹ wo orúkọ àwọn ọmọ yín láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ mọ àwọn tó ń fẹ́ irú ìrànlọ́wọ́ yìí kí fọ́ọ̀mù tó jáde.